Oko Di Ilé, Èkó Di Oko

"Ilé làbọ̀ sinmi oko" ni àwọn àgbà máa ń wí, kò sì sí ọmọ Ìjẹ̀bú láyé ọjọ́un tí kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ìlú ni ilé wà; oko ni iṣẹ́ wà. Àgbẹ̀ tí ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde a jí ní ìdájí, a fi àdá kọ́ èjìká, a sì gba ọ̀nà oko lọ. Nígbà tí oòrùn bá ń rọ̀, a ru iṣu tàbí ẹ̀gẹ́ bọ̀ wá sí ìlú. Bí oko bá jìnnà, a kọ́ abà síbẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí oṣù kan. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá dé, tàbí bí ìyàwó bá ń lọ sí ilé ọkọ, ìlú ni gbogbo wọn ń wọ́ wá. Bí a bá bi ẹni tí ó ti lo ogún ọdún nínú abà léèrè ilé rẹ̀, agboolé baba rẹ̀ ní ìlú ni yóò dárúkọ. Abà kì í ṣe ilé.

Nǹkan ti dorí kodò báyìí. Ní ẹ̀gbẹ́ òpópónà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, láti Magboro àti Ìbafò dé Mówé, títí wọ Ṣàgámù, àti láti ibẹ̀ yà sí ọwọ́ ọ̀tún lọ sí Òdògbolú àti Ìjẹ̀bú-Òde, ni a ti ń rí ilé tuntun tí wọ́n dúró láàrin igbó àti ẹgàn. Àwọn tí wọ́n kọ́ wọn, tàbí tí wọ́n háyà wọn, kì í ṣe àgbẹ̀. Akọ̀wé ni wọ́n, olùkọ́ ni wọ́n, oníṣòwò ni wọ́n, òṣìṣẹ́ báńkì àti ti ìjọba ni wọ́n. Ibi iṣẹ́ wọn sì wà ní Ìkẹjà, ní Yábàá, ní Ìdúmọ̀tà tàbí ní Victoria Island. Abúlé ni wọ́n ń sùn, ìlú ńlá ni wọ́n ti ń wá oúnjẹ. Ní ìdájí tí àgbẹ̀ àtijọ́ ń jáde lọ sí oko ni àwọn náà ń jáde, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n ń lọ ro. Oko ti di ilé, Èkó sì ti di oko.

Ṣé àyípadà yìí dára, àbí kò dára? Kì í ṣe ìbéèrè tí a lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dáhùn kí a sì dìde kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń yìn ín sábà máa ń wo ẹni tí ó ń kó ẹrù bọ̀ nìkan; ẹni tí ó bá ń bú u sábà máa ń gbàgbé ohun tí ó lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ jáde.

Ní òtítọ́, kò sí ẹni tí ó lè dá ẹni tí ó sá kúrò ní Èkó lẹ́bi. Èkó àkéte, ilé ọgbọ́n, ni. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kì í ṣe yàrá tí ènìyàn lè tẹ́ ẹní sí. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà lè wà nínú yàrá kan ṣoṣo, kí ogún ènìyàn sì máa du balùwẹ̀ kan náà láàárọ̀, síbẹ̀ kí owó ilé máa gorí owó ilé lọ́dọọdún. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 kò gbà pé kí onílé gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Ṣùgbọ́n inú ìwé ni òfin wà, ẹnu ọ̀nà ni onílé wà, ayálégbé púpọ̀ ni ó sì ṣì ń wá owó ọdún méjì kiri. Lẹ́yìn èyí ni owó ajẹ́ńtì yóò tún dé, àti owó àgírímẹ́ǹtì. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ pé owó tí òun ń san lórí yàrá kan ní Èkó lè gba odidi ilé kékeré tí ó ní àgbàlá lẹ́bàá Òdògbolú, ara rẹ̀ kò ní balẹ̀ mọ́. Ó lọ wò ó ní ọjọ́ Àìkú kan. Ó rí igi, ó gba afẹ́fẹ́ sára, ó rí ibi tí àwọn ọmọ lè sáré dé. Ní ìparí oṣù, ó kó ẹrù.

Ohun tí kò wò ní ọjọ́ Àìkú náà ni ọ̀nà. Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé àárín Èkó jẹ́ nǹkan bí 100 kìlómítà. Bí ọ̀nà bá dá, ọkọ̀ lè sá a láàrin wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú ni ọ̀nà máa ń dá. Kì í dá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí ọkọ̀ bá ti ń súnmọ́ Èkó ni sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ yóò ti bẹ̀rẹ̀, tí ọkọ̀ akẹ́rù yóò wà níwájú, tí dánfó yóò wà lẹ́yìn, tí olùtà omi tútù àti gàlá yóò sì máa fi ẹsẹ̀ rìn kọjá ẹni tí ó san owó ọkọ̀. Ẹni tí ó bá ní láti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní agogo mẹ́jọ gbọ́dọ̀ ti wà ní gáréèjì kí agogo márùn-ún tó lù.

Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ìṣirò wò ó. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ń lo wákàtí méjì ààbọ̀ ní àlọ, tí ó tún ń lo wákàtí méjì ààbọ̀ ní àbọ̀, wákàtí márùn-ún ni lójúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó fi ọjọ́ márùn-ún ṣiṣẹ́, ó di wákàtí 25. Bí ó bá ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 48 nínú ọdún, ó di wákàtí 1,200, èyí tí í ṣe àádọ́ta ọjọ́ tọ̀sán-tòru. Ọkùnrin náà fi àádọ́ta ọjọ́ nínú ọdún kan jókòó sórí àga ọkọ̀, ó ń tòògbé, ó ń sọ̀ sókè sọ̀ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì san owó iṣẹ́ fún un lórí rẹ̀. Òun gan-an ni ó tún ń sanwó.

Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́rin kò tíì jí nígbà tí baba jáde, ó sì ti sùn kí baba tó wọlé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n tó ń fojú kan ara wọn, nígbà náà ó sì ti rẹ baba tẹnutẹnu. Torí àwọn ọmọ ni ó fi kúrò ní Èkó, kí wọ́n lè rí àgbàlá ṣeré. Àgbàlá wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Baba ni kò sí níbẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí wọn kì í wálé rárá láti ọjọ́ Ajé títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n ń tẹ́ ẹní sí yàrá ọ̀rẹ́ ní Muṣin tàbí ní Ṣómólú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò kúrò ní Èkó. Ìyàwó rẹ̀ ni ó kúrò.

Owó ọkọ̀ pẹ̀lú kò dúró sójú kan. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà epo kan, tí kò tó 200 náírà ní iléepo ìjọba tẹ́lẹ̀, fò kọjá 480 láàrin ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù Keje ọdún náà, ó ti ré kọjá 550 ní Èkó, kò sì padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́ mọ́. Ẹni tí ó ti ṣe ìṣirò owó ọkọ̀ rẹ̀ ní 2022, tí ó sì torí ìṣirò náà ra ilẹ̀ sí Òdògbolú, jí lọ́jọ́ kan ó rí i pé ilẹ̀ kò kúrò níbi tí ó wà, ṣùgbọ́n Èkó ti jìnnà sí i ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Èyí ni ewu tí ó wà nínú kí ènìyàn so gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ mọ́ ọ̀nà tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Ó sì yẹ kí ọmọ Ìjẹ̀bú rántí pé ọ̀nà yìí kì í ṣe ohun kékeré nínú ìtàn. Kí àwọn Òyìnbó tó gba ilẹ̀ yìí, àárín Èkó àti àwọn ìlú òkè ni Ìjẹ̀bú wà. Ẹnubodè wọn ni ọjà ń gbà kọjá, wọ́n sì ń gba owó ibodè. Àlejò kò lè ṣàdédé la ilẹ̀ wọn kọjá bí ẹni tí ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé baba rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ni ó dá ogun 1892 sílẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbéjà ko Ìjẹ̀bú, tí wọ́n sì ṣẹ́gun wọn ní Ìmàgbọ̀n ní oṣù Karùn-ún ọdún náà. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti ṣí. A ṣe títì ọkọ̀, a tún fẹ̀ ẹ́. Ní 1978 ni òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn di lílò, èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 127 kìlómítà. Àwọn àlejò tí ń wọlé lónìí kò gbé ìbọn dání. Ìwé àwòrán ilẹ̀ láti ọwọ́ awọnlẹ̀ ni wọ́n gbé dání, ó sì lè jẹ́ pé ìwé náà yóò yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú padà ju bí ìbọn ti yí i padà lọ.

Nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀. Nínú àṣà Yorùbá, ilẹ̀ ìdílé kì í ṣe ti ẹnìkan. Àwọn òkú ní ìpín níbẹ̀, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí náà ní ìpín níbẹ̀. Ẹni tí ó wà láàyè kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni. Olórí ẹbí kò gbọdọ̀ dá a tà. Àwọn olórí ojúlé inú ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 sì wá gbé gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lé gómìnà lọ́wọ́, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún ará ìlú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní abúlé kò ní lọ bá gómìnà. Ẹbí ni yóò kọ́kọ́ lọ bá. Níbi tí ìwé ìjọba àti ọ̀rọ̀ ẹnu ẹbí ti pàdé ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àbúrò ta ohun tí ẹ̀gbọ́n ti tà. Àwọn ọ̀dọ́ wá gba owó ìpìlẹ̀, wọ́n tún padà wá gba owó òrùlé. Oko kì í jẹ́ ti baba àti ọmọ kí ó má ní ààlà. Ṣùgbọ́n ààlà tí a fi igi pèrègún pa láyé àtijọ́, kátápílà kan ṣoṣo lè wú u kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó àti Ìpínlẹ̀ Ògùn ti ṣe òfin ní 2016 tí ó de àwọn ajagungbalẹ̀. Ohun tí ó dára ni. Síbẹ̀ òfin tí ó de ajagungbalẹ̀ kò de ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta ogún rẹ̀.

Ẹ wo àgbẹ̀ kan tí ó ní oko obì lẹ́bàá ọ̀nà. Kì í ṣe ẹnìkan pàtó. Irú rẹ̀ pọ̀ láti Rẹ́mọ títí dé ẹ̀yìn Ìjẹ̀bú-Òde. Baba rẹ̀ ni ó gbin obì náà. Igi obì kì í kánjú: ọdún púpọ̀ yóò kọjá kí ó tó so dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó gbìn ín yóò jẹ níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ yóò jẹ níbẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú lè jẹ níbẹ̀. Obì yìí ni àwọn oníṣòwò Hausa ń wá rà ní Ṣàgámù láti ọjọ́ pípẹ́. Oníṣòwò ilẹ̀ kan dé, ó ka owó sílẹ̀ lójú kan, owó tí àgbẹ̀ náà kò rí rí láti ìgbà tí ó ti ń ká obì. Ta ni kò ní gbà á? Ó fi sin òkú ìyá rẹ̀ lọ́nà tí ó yẹ. Ó paarọ̀ òrùlé ilé. Ó ra ọ̀kadà fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Kí ọdún kejì tó yí po, owó ti tán, ọ̀kadà ti bàjẹ́. Wọ́n gé igi obì lulẹ̀, wọ́n mọ odi yí ibẹ̀ ká, wọ́n kọ́ ilé méjìlélógún sí i, wọ́n sì gbé géètì ńlá sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tí ì bá máa ká obì níbẹ̀ ni wọ́n gbà pé kí ó máa ṣí géètì.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ obì, kò yẹ kí a gbàgbé ẹ̀gẹ́. Gààrí Ìjẹ̀bú, tí ó kúnná, tí ó gbẹ, tí ó kan lẹ́nu, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ káàkiri Nàìjíríà ń fi omi tútù àti ẹ̀pà mu, ilẹ̀ yìí náà ni ó ti ń jáde, ọwọ́ àwọn obìnrin ni ó sì ti ń jáde. Bí oko ẹ̀gẹ́ bá ń sún sẹ́yìn níwájú ilé tuntun, obìnrin tí ń rẹ ẹ̀gẹ́, tí ń yan gààrí, ni yóò máa san owó ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ náà. Ẹni tí ó kó wá sí abúlé nítorí pé oúnjẹ pọ̀ níbẹ̀, tí ó sì kọ́lé sórí oko tí oúnjẹ ti ń wá, yóò rí i láìpẹ́ pé Èkó àti abúlé ti di ọgbọọgba nínú ọ̀wọ́n gààrí.

Síbẹ̀, kò tọ́ kí a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ibi nìkan ni àlejò gbé wá. Ọ̀pọ̀ abúlé ni ó wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tí àwọn ọ̀dọ́ ti fi sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá, tí ó ku kìkì arúgbó àti ewúrẹ́. Nígbà tí àwọn tuntun dé, ariwo ọmọdé tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún níbẹ̀. Bíríkìlà rí iṣẹ́, káfíńtà rí iṣẹ́; ìyá tí ń ta ẹ̀fọ́ kò tún gbé e lọ sí ọjà ọ̀nà jíjìn mọ́. Wọ́n gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ, wọ́n ṣí ilé ìtajà oògùn. Bí ẹ̀rọ iná bá bàjẹ́, àwọn tí wọ́n ti gbé Èkó rí ni wọ́n mọ ọ́fíìsì tí a ń kọ ìwé ẹ̀sùn sí, tí wọn kì í sì í dákẹ́ títí tí ẹnìkan yóò fi dáhùn. Baálẹ̀ tí ó bá gbọ́n kì í lé irú àlejò bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àlejò ju irú kan lọ. Òmíràn ń bẹ tí ó mọ odi ga ju orí ọ̀pẹ kékeré lọ, tí ó ra iyọ̀, ata àti búrẹ́dì ní Èkó ní ọjọ́ Ẹtì kí ó tó máa bọ̀, tí kò mọ orúkọ Baálẹ̀, tí kò dé ibi ìpàdé àdúgbò rí. Abúlé kò rí nǹkankan gbà lára rẹ̀ ju èéfín jẹnẹrétọ̀ lọ. Bí oṣù tí àwọn Agẹmọ mẹ́rìndínlógún ń jáde láti abúlé wọn lọ pàdé ní Ìmọ̀sàn bá dé, tí a sì kéde pé kí obìnrin wọlé, inú a bí i. A ní wọ́n ń dí òun lọ́wọ́ nínú ilé tí òun fi owó òun kọ́. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó bọ ohun tí kò gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Agẹmọ ti wà níbẹ̀ kí ilé rẹ̀ tó wà níbẹ̀, kò sì ṣòro láti béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ọmọ rẹ̀ tí ń bá àwọn ọmọ abúlé lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tí ó sì ti ń fi ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú bú wọn padà, sábà máa ń di ará ibẹ̀ ṣáájú baba.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé rí. Ní 1898, Ebenezer Howard, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa fi ìkọ̀wé àkékúrú gba ọ̀rọ̀ àwọn aṣòfin sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ìwé kan lórí bí a ṣe lè da ìlú àti abúlé pọ̀. Lọ́ńdọ̀nù ti kún àkúnya nígbà náà bí Èkó ti kún lónìí. Ní 1903 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlú kan tí ń jẹ́ Letchworth ní ìhà àríwá Lọ́ńdọ̀nù gẹ́gẹ́ bí èrò rẹ̀. Howard kò fẹ́ ibi àsùn fún àwọn tí yóò máa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní àràárọ̀. Ó fẹ́ ìlú tí kò ní tóbi jù, tí ilé iṣẹ́ yóò wà nínú rẹ̀, tí oko yóò yí i ká, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní kọ́lé sórí oko náà. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé wọn kò gé ilẹ̀ náà tà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó ilẹ̀ ni àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ń san, a sì ṣètò rẹ̀ pé èrè orí ilẹ̀ yóò padà di ti ìlú.

Ẹni tí ó bá mọ àṣà Yorùbá kò ní pariwo pé ohun tuntun ni. Àwọn baba ńlá mọ ìṣákọ́lẹ̀. Àlejò tí ó bá fẹ́ dáko a wá bá onílẹ̀. Onílẹ̀ a fi ilẹ̀ hàn án. Bí ìkórè bá dé, àlejò a gbé ìpín díẹ̀ wá láti fi jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ náà ní olówó. Ilẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ẹbí, àlejò kò sì kú sí ìta. Kí ni ó dé tí ẹbí tí ó ní oko obì lẹ́bàá ọ̀nà kò lè fi ilẹ̀ yá àwọn tí ń kọ́lé fún ọdún pípẹ́, kí owó máa wọlé lọ́dọọdún, kí ọmọ tí a kò tíì bí lè bá ìpín rẹ̀ níbẹ̀? Àwọn kan yóò ní olùkọ́lé kò ní gbà. Olùkọ́lé kò ní gbà níwọ̀n ìgbà tí ẹbí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bá ṣetán láti tà. Bí àwọn ẹbí abúlé bá fi ohùn ṣọ̀kan, yóò gbà.

Ọ̀nà mìíràn wà tí a fi lè ran ọkùnrin tí ń fi àádọ́ta ọjọ́ jókòó sínú ọkọ̀ lọ́wọ́, òun sì ni kí iṣẹ́ pàápàá wá bá abúlé. Nígbà tí a dá yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1982, Àgọ́-Ìwòyè ni a gbé e sí, a kò gbé e sí àárín ìlú ńlá kankan. Ìjagun lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde jẹ́ abúlé kékeré. Ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ gíga tí a fi orúkọ Táí Ṣólàrín pè wà, tí ó di yunifásítì ní 2005. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, olùkọ́ àti akọ̀wé lè gbé abúlé kí wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí ẹnu iṣẹ́; ìyá oníresì ń tà, onílé ń rí ayálégbé. Ìséra-ẹni-mọ́lé tí àrùn kòrónà fà ní 2020 tún kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀gá iṣẹ́ pé ìwé tí akọ̀wé ń kọ ní Marina ni ó lè kọ ní ilé, bí iná bá wà, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì wà. Bí a bá gbà fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ó máa dé Èkó ní ẹ̀ẹ̀méjì péré lọ́sẹ̀, àádọ́ta ọjọ́ náà di ogún.

Ní ti ọkọ̀ ojú irin, ìtàn rẹ̀ a máa dunni. Ìjọba Látééfù Jákàńdè ní Èkó ti fẹ́ ṣe ọkọ̀ ojú irin inú ìlú ní ìbẹ̀rẹ̀ 1980. Ìjọba ológun fagi lé e ní 1985. Oṣù Kẹwàá 2024 ni ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Agbádó dé Oyíngbò. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 2021, ó ń gba Abẹ́òkúta, kò sì dé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú rárá. Nítorí náà ará Agbádó lè máa gbé ẹ̀yìn odi kí ó sì dé ibi iṣẹ́ ní àkókò. Ará Òdògbolú kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Oníṣòwò ilẹ̀ tí ó bá fi ẹnu kan náà polówó ibi méjèèjì pé wọ́n "súnmọ́ Èkó" kò sọ òótọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú kì í fẹ́ gbọ́. Kí a tó gé igi obì mìíràn, ẹ jẹ́ kí a rìn yí Ìjẹ̀bú-Òde po ní ọjọ́ iṣẹ́. Ilé alájà méjì àti mẹ́ta ni ó kún ibẹ̀, tí a fi òkúta iyebíye tẹ́ ilẹ̀ wọn, tí àwọn ọmọ ìlú tí ń ṣòwò ní Èkó kọ́ fún iyì. Ọ̀pọ̀ wọn wà ní títì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀; ìyá àgbà kan tàbí ọlọ́dẹ kan ni ó ń gbé ẹ̀yìn wọn. Omi ti wà níbẹ̀, títì ti wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti wà láti 1913 ń bẹ níbẹ̀, ilẹ̀ náà kò sì sí lára oko ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà kan náà, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí ó kọ́ wọn ń du yàrá pẹ̀lú ará ìlú mìíràn ní Ṣómólú, tàbí kí wọ́n máa ra ẹgàn ní Mówé. Wọ́n ní ilé ẹbí ni. Bí ẹnìkan bá wọ̀ ọ́, àwọn yòókù yóò ní ó fẹ́ jogún rẹ̀. Ìjà tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni ó ń ti ilẹ̀kùn náà pa. Ìdílé tí ó bá jókòó, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí ń gbé inú ilé baba ń tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ẹbí, tí ó sì ń san owó díẹ̀ sínú àpò ẹbí lọ́dún, kò ní bá ọlọ́pàá ní ohunkóhun í ṣe. Ìgbà kan wà lọ́dún tí gbogbo wọn máa ń pé: ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí Ojúde Ọba bá kó wọn wálé, tí ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu fún àlejò. Kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà ní òru ọjọ́ náà, nígbà tí ẹṣin bá ti lọ, kí oníkálùkù tó tún gba ọ̀nà Ṣàgámù padà.